Ẹ Ka Ìwé Ìjáde-Iṣẹ́ Sójà Yín

Ọ̀rọ̀ tí a sọ fún àwọn àgbà akẹ́kọ̀ọ́ ti Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́

Mo mọ̀ pé àwọn kan láàrin yín ti Ìfọ̀n wá, àwọn kan ti Ìdóànì wá, àwọn ará Ọ̀wọ̀ sì nìyí lápá ọ̀tún mi. Ẹ̀yin tí ọ̀nà yín jìn, ẹ fọkàn balẹ̀, a ò ní í pẹ́ jù.

Ọ̀rọ̀ ìwé kan ni mo bá wá. Ìwé náà wà nínú àpótí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé ní àgbègbè wa yìí. Òun ni ìwé tí ìjọba máa ń fún sójà ní ọjọ́ tó bá kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn sójà ń pè é ní dísíáàjì. Èmi yóò máa pè é ní ìwé ìjáde-iṣẹ́. Ẹlòmíràn ti gba tirẹ̀ láti bí ọgbọ̀n ọdún, kò sì tíì mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ní ọjọ́ tí wọ́n fún un, wọ́n ní kó tẹ ìka, ó tẹ̀ ẹ́. Ó ká ìwé, ó fi í sí abẹ́ aṣọ, ó parí. Ṣùgbọ́n nísinsìnyí ẹ ti mọ̀wé kà. Ẹ gbé e jáde, kí ẹ kà á.

Ẹ lè ní, kí ni yóò wà nínú ìwé tó lè pa ènìyàn lára? Ẹ jẹ́ ká wí pé bàbá kan ní Ìdógùn ṣe iṣẹ́ sójà fún ọdún 21. Adébáyọ̀ ni wọ́n sọ ọ́. Akọ̀wé tó gbà á síṣẹ́ kọ Bayo. Bàbá kò bá a jà, nítorí pé orúkọ kan náà ni ní etí wa. Nígbà tó yá, bàbá kú. Ìyàwó rẹ̀ gbé ìwé lọ síbi tí wọ́n ti ń san owó ìfẹ̀yìntì. Lórí ìwé ikú, Adébáyọ̀ ni. Lórí ìwé ìjáde-iṣẹ́, Bayo ni. Akọ̀wé ibẹ̀ wo méjèèjì, ó ní, "Màmá, ènìyàn méjì ni mo rí níbí." Àbí kí ni kó wí? Kò mọ bàbá rí. Ìwé nìkan ló mọ̀. Màmá á padà sílé, á tún lọ, á tún padà. Owó ọkọ̀ láti Ìdógùn dé Abuja kì í sì í ṣe owó kékeré.

Láyé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ orúkọ yìí burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí etí akọ̀wé bá ṣe gbọ́ ọ ni yóò ṣe kọ ọ́. Nígbà mìíràn, wọ́n á fi orúkọ ìlú sójà ṣe orúkọ ìkejì fún un, bí ẹni pé ìlú ni bàbá tó bí i. Àwọn ọmọ irú sójà bẹ́ẹ̀ dé iléèwé, wọ́n ń jẹ́ orúkọ bàbá àgbà wọn. Ìwé bàbá yàtọ̀, ìwé ọmọ yàtọ̀.

Àgbègbè wa yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ sójà. Ní Èmùré-Ilé, tí kò jìnnà síbí, ni wọ́n ti bí Isaac Fádóyèbọ̀ ní ọdún 1925. Ọmọ ọdún 16 ni nígbà tó wọṣẹ́ sójà ní Abẹ́òkúta, ní oṣù January ọdún 1942. Wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi gbé e lọ sí Íńdíà, ó sì ti ibẹ̀ dé Bọ́mà, níbi tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ń bá àwọn ará Jàpáánù jà. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti máa tọ́jú àwọn tó fara gbọgbẹ́. Ní ọjọ́ 2 oṣù March ọdún 1944, àwọn ará Jàpáánù yọ sí wọn lójijì lẹ́bàá odò Kaladan. Ìbọn ba Isaac ní ẹsẹ̀ àti ní ikùn. Egungun itan rẹ̀ ṣẹ́, kò lè dìde. Òun àti ará Sàró kan tí ń jẹ́ David Kagbo ṣẹ́ kù sínú igbó. Àwọn ará abúlé ń fún wọn lóúnjẹ. Lẹ́yìn náà, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Shuyiman gbé wọn wọ ilé rẹ̀, ó fi wọ́n pamọ́. Ẹ ò rí i bí ènìyàn ṣe lè ṣoore fún ẹni tí kò mọ̀ rí! Bí oṣù mẹ́sàn-án ni wọ́n fi wà bẹ́ẹ̀, títí àwọn sójà Gẹ̀ẹ́sì fi dé ibẹ̀ ní December 1944.

Nínú oṣù mẹ́sàn-án yẹn, kí ni ìwé sójà lè sọ nípa ọmọ Èmùré-Ilé yìí? Ìwé kò dé inú ilé Shuyiman. Ẹni tó kọ̀wé kò mọ̀ bóyá ó kú, kò mọ̀ bóyá ó yè.

Isaac padà sí Nàìjíríà ní 1945, ó ń tiro. Nígbà tó ṣe, ó jókòó, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ gbogbo ohun tójú rẹ̀ rí. Yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà tẹ ìwé náà jáde ní 1999. Oníròyìn Gẹ̀ẹ́sì kan, Barnaby Phillips, kà á, ó gbéra, ó lọ wá ìdílé Shuyiman kàn ní Bọ́mà ní 2011. Ó mú lẹ́tà láti ọwọ́ Bàbá Fádóyèbọ̀ dání lọ fún wọn. Bàbá náà dolóògbé ní 2012. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Nàìjíríà ló lọ sí Bọ́mà, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò lè kọ orúkọ ara wọn. Ohun tí akọ̀wé kọ nípa wọn, òun nìkan ló kù fún àwọn ọmọ wọn láti kà.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú ìwé sì lè gba oúnjẹ lẹ́nu ènìyàn. Ogun abẹ́lé wa bẹ̀rẹ̀ ní July 1967, ó parí ní ọjọ́ 15 oṣù January ọdún 1970. Àwọn sójà Nàìjíríà tó lọ jà fún Bìáfrà, ohun tí a kọ nípa wọn ni pé a lé wọn kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ẹni tí a lé, kò ní owó ìfẹ̀yìntì. Ní ọjọ́ 29 oṣù May ọdún 2000, Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ kéde pé kí a yí i padà, kí a kà wọ́n sí ẹni tó fẹ̀yìntì. Ẹ wò ó, ọgbọ̀n ọdún! Àwọn ọlọ́pàá tí ọ̀rọ̀ náà kàn tún dúró títí di ọdún 2017 kí owó tó dọ́wọ́ wọn, àwọn kan sì ti kú, ìdílé wọn ló wá gbà á. Ní Amẹ́ríkà, àwọn sójà dúdú 110 ni ilé ẹjọ́ ológun dá lẹ́bi nítorí rògbòdìyàn tó ṣẹlẹ̀ ní Houston ní 1917. Wọ́n yẹgi fún 19 nínú wọn. Ní 2023, ìjọba sójà Amẹ́ríkà wọ́gi lé ìdájọ́ náà, wọ́n ní kí a tún ìwé wọn kọ pé wọ́n fi ọ̀wọ̀ jáde lẹ́nu iṣẹ́. Kò sí ọ̀kan nínú wọn láyé mọ́ láti kà á.

Ó dára. Bí ẹ bá délé, ẹ mú ìwé náà jáde, kí ẹ kà á ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Ẹ wo orúkọ. Ẹ wo nọ́ńbà sójà. Ọ̀pọ̀ nọ́ńbà sójà Nàìjíríà ni ọdún tí wọ́n gbà yín síṣẹ́ wà ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Bí nọ́ńbà bá fi 95 bẹ̀rẹ̀, tí ìlà ìsàlẹ̀ sì ní ọdún 1998 ni ẹ wọṣẹ́, ìwé ń ta ko ara rẹ̀ nìyẹn, ọdún mẹ́ta ni ẹ sì ti pàdánù. Ẹ wo oyè tí ẹ fi jáde àti ìdí tí wọ́n kọ pé ẹ fi jáde. Ẹni tó fara gbọgbẹ́ lójú ogun, kó wò ó bóyá wọ́n kọ ọ́. Kí ẹ sì wo ẹni tí ẹ ní kí wọ́n fún lówó bí ẹ bá kú. Àwọn kan ṣì fi orúkọ ìyá wọn síbẹ̀, ìyá sì ti kú tipẹ́.

Bí ẹ bá rí àṣìṣe, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mú bírò tún un ṣe fúnra yín! Ẹni tó bá pa á rẹ́, tó sì kọ ọ́ dáadáa pàápàá, ayédèrú ni wọn yóò pè é. Ẹ lọ sí kóòtù, kí ẹ búra sí orúkọ tàbí ọjọ́ tó tọ́, kí wọ́n fún yín ní ìwé ìbúra. Ẹ ṣe ẹ̀dà ìwé ìjáde-iṣẹ́ yín. Ẹ̀dà ni kí ẹ fi ránṣẹ́, kí ojúlówó wà nílé. Ẹ wá ẹni tí ẹ jọ ṣiṣẹ́, kó jẹ́rìí. Ọjọ́ 15 oṣù January, tí àwọn ajagunfẹ̀yìntì máa ń péjọ ṣe ìrántí àwọn tó kú sógun, ni ọjọ́ tó dára jù láti wá irú ẹni bẹ́ẹ̀ kàn, kí òun náà tó lọ.

Ti ọjọ́ orí le díẹ̀, n kò ní í tàn yín. Bí akọ̀wé bá ṣì í kọ láti inú ìwé tí wọ́n fi gbà yín síṣẹ́, ẹ ní ẹjọ́. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ fi ọdún kún un nígbà yẹn kí wọ́n lè gbà yín, ìyẹn ti di ohun tí ẹ fẹnu ara yín sọ. Lójú tèmi, ẹ má fi owó ọkọ̀ ṣòfò lórí rẹ̀.

Lọ́kọ́ja ni ìwé àkọsílẹ̀ àwọn sójà orí ilẹ̀ wà. Ọ̀rọ̀ owó ìfẹ̀yìntì, Military Pensions Board ní Abuja ni. Ẹni tó bá sì ní òun mọ ọ̀gá kan níbẹ̀, pé kí ẹ mú owó wá, ẹ jẹ́ kó máa lọ.

Bí lẹ́tà náà ṣe lè rí nìyí:

"Sí Ọ̀gá Àgbà, Ilé Àkọsílẹ̀ Sójà, Lọ́kọ́ja.

Ẹ̀bẹ̀ láti tún orúkọ mi kọ.

Nọ́ńbà sójà mi ni báyìí. Mo wọṣẹ́ ní ọjọ́ báyìí, mo fẹ̀yìntì ní ọjọ́ báyìí. Lórí ìwé ìjáde-iṣẹ́ mi, Bayo ni wọ́n kọ. Adébáyọ̀ ni orúkọ mi, òun ló sì wà lórí ìwé ìrìbọmi mi. Ẹ̀dà ìwé méjèèjì àti ìwé ìbúra kóòtù wà nínú lẹ́tà yìí. Mo bẹ̀ yín kí ẹ tún un kọ, kí ẹ sì fún mi lésì."

Ẹ rí i pé kò gùn. Kò sọ̀rọ̀ ogun, kò sọ̀rọ̀ ìyà. Mo mọ̀ pé ìyà náà wà. Ẹ kọ ìyẹn sínú ìwé mìíràn fún àwọn ọmọ yín, bí Bàbá Fádóyèbọ̀ ti ṣe. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń lò ní ọ́fíìsì, nítorí náà kí ọmọ yín tó gbọ́ ọ bá yín túmọ̀ lẹ́tà. Lẹ́yìn náà, kó tún tú u sí Yorùbá sí yín létí kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Ẹ má tẹ ìka. Ẹ kọ orúkọ yín. Kí ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ fi lẹ́tà ránṣẹ́ sára ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ yín. Bí oṣù mẹ́ta bá kọjá láìsí èsì, ẹ tún òmíràn kọ, kí ẹ sì dárúkọ ti àkọ́kọ́.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, kí olúkúlùkù tó ní ìwé yìí mú ẹ̀dà rẹ̀ wá sí kíláàsì. Àwọn opó náà, ẹ mú ti ọkọ yín wá. A ó jókòó ní méjì-méjì, a ó kà á fún ara wa, ìlà kan lẹ́yìn ìkejì.