Àrùn Inú Wàrà: Ẹ̀kọ́ tí Málítà Kọ́ Wa

Ọ̀rọ̀ wàrà ewúrẹ́ ni a mú wá lónìí, ṣùgbọ́n ẹ̀mí ènìyàn ń bẹ nínú rẹ̀.

Málítà ni erékùṣù tí Bíbélì pè ní Mélítà, níbi tí ọkọ̀ Pọ́ọ̀lù Àpọ́sítélì fọ́ sí. Nígbà tí ó wà lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ibà burúkú kan ń dá àwọn ọmọ ogun ibẹ̀ dùbúlẹ̀. Yóò lọ, yóò tún padà, egungun yóò sì máa ro wọ́n. Ní 1887, David Bruce, dókítà àwọn ọmọ ogun, fi hàn pé kòkòrò àìfojúrí kan ni ó ń fà á. Ṣùgbọ́n níbo ni kòkòrò náà ń gbé? Ọdún 18 kọjá kí a tó mọ̀. Ní 1905, Themistocles Zammit, ọmọ bíbí Málítà, yẹ ẹ̀jẹ̀ ewúrẹ́ wò, ó sì bá àmì àrùn náà níbẹ̀. A sì rí kòkòrò náà nínú wàrà wọn. Bẹ́ẹ̀ ni ara àwọn ewúrẹ́ náà ń dán! Àwọn àgbà kò purọ́: kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ni ó wà.

Ní 1906, a mú wàrà ewúrẹ́ kúrò nínú oúnjẹ àwọn ọmọ ogun, ibà náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tán ní bárékè. Àwọn ará ìlú ńkọ́? Darandaran ṣì ń da ewúrẹ́ kiri òpópónà, ó ń fún wàrà ní ẹnu ọ̀nà onílé, tálákà sì ń rà á mu. Ó di 1938 kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí fi iná pa kòkòrò inú wàrà tí à ń tà fún wọn. Ọdún 32! Ìmọ̀ tí ó mọ sí bárékè kò tíì di ti ìlú.

Irú kòkòrò bẹ́ẹ̀ ń bẹ lára ẹran ọ̀sìn ní Nàìjíríà pẹ̀lú, àti lára màlúù. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí wàrà hó kí ẹ tó mu ún. Bí oyún bá bàjẹ́ lára ẹran, ẹ má fi ọwọ́ lásán kó o. Ẹ sin ín jìn, kí ajá má baà hú u jáde, kí ẹ sì pe dókítà ẹran. Ẹran tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, ẹ yà á sọ́tọ̀ ná. Bí ibà bá ń lọ tí ó ń bọ̀ lára yín, ẹ sọ fún dókítà pé ẹ ń sin ẹran.

Kí ohun tí a gbọ́ lónìí má ṣe parí sáàárín àwa tí a jókòó síhìn-ín. Ẹ jẹ́ kí a gbé e dé abúlé.