Àlùfáà Olórin ti Ilẹ̀ Ẹ̀gbá

 

Ẹ mú gbólóhùn Yorùbá kan, kí ẹ fi ohùn orin Òyìnbó kọ ọ́. Ẹ ó rí i pé igbá lè di igba, ọkọ̀ lè di ọkọ. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ orin ìsìn tí wọ́n túmọ̀ ṣe rí. Èmi gan-an kọ irú wọn ní kékeré. Mo dàgbà kí n tó mọ ohun tí mo ń wí!

Josiah Jesse Ransome-Kuti, tí a bí ní Abẹ́òkúta ní 1855, wà lára àwọn tí ó wá nǹkan ṣe sí i. Àlùfáà ìjọ Áńgílíkà ni. Ohùn tí àwọn ará oko ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni ó fi kọrin ìyìn fún wọn, lẹ́nu Ẹ̀gbá pọ́ńbélé. Ẹni tí kò mọ ìwé náà gbọ́ ọ yé.

Ní 1922 ó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ó kọ orin tí ó lé ní 40 sínú àwo Zonophone. Ó kú ní 1930. Ọmọ rẹ̀, Israel Olúdọ̀tun, ṣe ọ̀gá àgbà Abeokuta Grammar School láti 1932 títí di 1954. Fẹlá olórin, tí ayé mọ̀, ọmọ-ọmọ rẹ̀ ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orin tirẹ̀ kì í ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì rárá.

Lálẹ́ òní, ẹ bi ìyá àgbà yín bóyá ó mọ ọ̀kan nínú orin Àlùfáà Kútì. Bí ó bá dá a, ẹ tẹ́tí sí bí ohùn ti bá ọ̀rọ̀ rìn.