Odò Tí Ó Ti Òkè Wá

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ ní alẹ́ yìí kò jìnnà sí ẹnu ọ̀nà yín. Ta ni nínú wa tí kò mọ odò Ọ̀ṣun? Ní Ìgèdè-Èkìtì ni ó ti ṣẹ̀. Ó gba ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà kọjá wá sí Òṣogbo, ó kọjá ní Ẹdẹ, ó sì ń bọ́ adágún Àṣéjìrẹ́ tí àwọn ará Ìbàdàn ń mu, kí ó tó dà sínú ọ̀sà.

Láti ọdún mélòó kan wá, omi náà ti pọ́n bí omi amọ̀. Ní ìhà Iléṣà ni ìdí rẹ̀ wà. Wúrà ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà kì í ṣe ohun tuntun; a ti ń wà á níbẹ̀ láti ìgbà ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. A óò gbẹ́ ilẹ̀ etí odò, a óò fi omi fọ iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ títí wúrà yóò fi rọ̀ sí ìsàlẹ̀, ẹrẹ̀ tí ó kù a sì bá odò lọ. Àwọn mìíràn a máa lo mákúrì, irin olómi tí ń dán bí fàdákà, láti kó eruku wúrà jọ. Ní 2022, nígbà tí ọdún Ọ̀ṣun kù sí dẹ̀dẹ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe mu omi odò náà. Ẹ mọ ibi tí àwa dúró níti ọdún yẹn. Ṣùgbọ́n apẹja àti obìnrin tí ń fọ aṣọ létí odò, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń bá omi náà lò.

Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe fi síse omi tan ara rẹ̀ jẹ. Iná a máa pa kòkòrò àìsàn. Kò lè lé òjé jáde. Ní Zamfara ní 2010, òjé tí ó wà nínú òkúta wúrà pa ọmọdé tí ó tó 400. A kò wí pé òkúta tiwa rí bí tiwọn. A ní kí a yẹ̀ ẹ́ wò.

Nísinsìnyí a dé orí àwọn ilé-iṣẹ́. Ní 2021 ni ilé-iṣẹ́ ńlá kan kọ́kọ́ yọ́ wúrà ní Sẹ̀gilọlá. Yàtọ̀ sí i, ọ̀pọ̀ ni ó ń gbẹ́ ilẹ̀, àwọn kan pẹ̀lú ìwé àṣẹ, àwọn mìíràn láìní. A kò na ìka sí ẹnikẹ́ni. Òfin ìwakùsà ti 2007 pàṣẹ pé kí ẹni tí ó gba ilẹ̀ bá ìlú tí yóò ti ṣiṣẹ́ ṣe àdéhùn kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìlú tí a ti ń gbẹ́ ilẹ̀ nìkan ni òfin náà dárúkọ. Ìlú tí ó wà ní ìsàlẹ̀ odò kò sí nínú rẹ̀, omi kò sì mọ ààlà. Nítorí náà, kànga ẹ̀rọ tí a gbẹ́ fún abúlé kan, tí a kọ orúkọ ilé-iṣẹ́ gàdàgbà sí lára, kò san gbèsè tí a jẹ ará Òṣogbo. Gbèsè náà ni pé kí omi jáde kúrò lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ bí ó ti wọlé: kí ó gbẹ́ kòtò tí ẹrẹ̀ yóò máa rọ̀ sí, kí ó mú mákúrì jìnnà sí odò, kí ó dí ihò tí ó gbẹ́, kí ó sì gba àwọn tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ rẹ̀ láàyè láti yẹ omi wò, kí wọ́n sì ka èsì rẹ̀ ní gbangba.

Ní Minamata, ní ilẹ̀ Japan, ilé-iṣẹ́ Chisso da mákúrì sínú òkun títí di 1968. Ní 1956 ni a kọ́kọ́ kéde àìsàn náà láàrin àwọn tí ń jẹ ẹja ibẹ̀. Ní 1959 ilé-iṣẹ́ náà gbé ẹ̀rọ kan kalẹ̀, ó ní yóò sọ omi di mímọ́. A kò ṣe ẹ̀rọ náà láti yọ mákúrì. Ó tún fún àwọn aláìsàn ní owó ìbánikẹ́dùn. Ó di 1973 kí ilé-ẹjọ́ tó dá a lẹ́bi.

Ọ̀rọ̀ kan kù, ó sì nira láti sọ láàrin ará. Ilẹ̀ tí a ń gbẹ́ yìí ní onílẹ̀, àwọn kan nínú wọn sì jókòó pẹ̀lú wa. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi oko kòkó baba rẹ̀ lé awakùsà lọ́wọ́, kí ó béèrè ibi tí omi ìfọwúrà yóò gbà, kí a sì kọ ọ́ sínú ìwé kí ó tó fọwọ́ sí i. Bí wọn kò bá gbà láti kọ ọ́, kí ó dá owó wọn padà. Níti àwa ará Òṣogbo, a ti kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sí ìjọba pé kí a fi wá sínú àdéhùn wọ̀nyí. Ó wà lórí tábìlì lẹ́bàá ilẹ̀kùn, pẹ̀lú kálàmù.