Ọkùnrin Tó Ní Ọyàn: Kí Ẹ Tó Lọ Ṣe Iṣẹ́ Abẹ

(Ọ̀rọ̀ tí alákòóso ẹ̀ka ọ̀dọ́ bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ)

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ bíi tèmi ní Ọ̀jọ́, Ìbà àti Òkòkòmáíkò, ẹ gbọ́. Ọ̀rọ̀ tòní ò rọrùn lẹ́nu. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè kí n sọ ọ́ bó ṣe rí.

Ẹ mọ̀ wọ́n. Oòrùn ń mú ganrínganrín ní Ìyànà-Ìbà, bọ̀dá kan wọ jákẹ́ẹ̀tì. Bí wọ́n bá fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù, kò ní bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì láéláé. Wọ́n ti fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ní ọmú bí obìnrin. Ó wá ń tọ́jú owó díẹ̀díẹ̀ láti lọ gé e kúrò, kò sì sẹ́nì kankan nílé tó gbọ́. Àṣírí yẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù ju ọ̀bẹ lọ.

Àwọn dókítà ń pè é ní gynecomastia. Kì í ṣe èpè, kò sì sọ ọkùnrin di obìnrin. Gbogbo ọkùnrin ló ní díẹ̀ nínú hòmóònù obìnrin lára. Bí ìyẹn bá pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ọyàn lè yọ. Ó wọ́pọ̀ lára ọmọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bàlágà, lọ́pọ̀ ìgbà ó sì máa ń lọ fúnra rẹ̀ láàárín oṣù 6 sí ọdún 2. Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, ẹ má sáré gbé ọmọ ọdún 14 lọ sábẹ́ ọ̀bẹ.

Ìmúrasílẹ̀ àkọ́kọ́ ni kí ẹ mọ ohun tó fà á. Àìsàn ẹ̀dọ̀ lè fà á. Kókó inú kórópọ̀n lè fà á. Oògùn bíi spironolactone, cimetidine àti efavirenz lè fà á, bẹ́ẹ̀ náà ni abẹ́rẹ́ tí àwọn kan ń gún kí iṣan wọn lè yọ. Ẹ má dá oògùn dókítà dúró fúnra yín o. Ẹ lọ bi í. Nígbà míì, ọ̀rá lásán ni. Jẹjẹrẹ ọyàn ò wọ́pọ̀ lára ọkùnrin, ṣùgbọ́n ó wà: Mathew Knowles, bàbá Beyoncé, sọ ọ́ fáyé gbọ́ lọ́dún 2019 pé òun ní in. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ kan ló le, tàbí tí orí ọmú ń ṣẹ̀jẹ̀, ẹ má fi falẹ̀.

Níbo lẹ ó lọ? Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní ọsibítù ìjọba tó súnmọ́ yín. Ti Ìgàndó ò jìnnà sí wa. Bí ọ̀rọ̀ bá kan iṣẹ́ abẹ, àwọn oníṣẹ́ abẹ tó kọ́ṣẹ́ àtúnṣe ara wà ní Ìgbóbì, ní LUTH àti LASUTH. Ẹni tó bá ní òun máa ṣe é fún yín ní yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, ẹ sá fún un.

Ìkejì, ẹ sọ òtítọ́. Ẹ sọ jẹ́nótáìpù yín, ikọ́ fée, ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹ sọ bí ojú àpá yín bá máa ń wú sókè. Ẹ sọ nípa sìgá, igbó, paraga àti àgbo, kódà bí mọ́mì bá jókòó síbẹ̀. Ẹ lè ní kí wọ́n bọ́ síta díẹ̀. Sìgá kì í jẹ́ kí ojú ọgbẹ́ jinná dáadáa, ó kéré tán ẹ fi í sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ 4 ṣáájú. Aspirin àti àwọn àgbo kan lè mú kí ẹ̀jẹ̀ máa dà jù.

Bí wọ́n bá ní kí ẹ má jẹun, ẹ má jẹun. Ẹni tó jẹ ẹ̀bà láàárọ̀ tó wá ní òun ò jẹ nǹkan kan, oúnjẹ yẹn lè gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró nígbà tó bá sùn. Ikú lè tibẹ̀ wá.

Ìkẹta, ẹ ṣètò bí ẹ ó ṣe sinmi. Ẹ béèrè gbogbo owó pátá: àyẹ̀wò, oògùn oorun, bẹ́ẹ̀dì, síngílẹ́ẹ̀tì tó ń fún àyà tí ẹ ó wọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹ̀yin ọmọ LASU, ẹ jẹ́ kó di ọlidé. Ẹ̀yin tó ń gbé fíríìjì ní Alábà, ẹ ò ní lè gbé ẹrù wúwo fún bí oṣù kan sí oṣù kan àbọ̀, ẹ tọ́jú owó oúnjẹ. Ẹ má gun ọ̀kadà bọ̀ wálé. Kí ẹnìkan wá mú yín.

Ẹnìkan yẹn ló jẹ mí lógún jù. Ẹ wá ẹni kan ṣoṣo tẹ́ ẹ fọkàn tán, kẹ́ ẹ sọ fún un. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ẹ̀yin tó sì ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ó tó gẹ́ẹ́. Ẹ̀rín yín ló ń lé ọmọ ọlọ́mọ lọ sọ́dọ̀ àwọn ayédèrú dókítà.

Ẹni tí kò bá ní ẹni tó lè bá a dé ọsibítù, kó wá bá ẹ̀ka ọ̀dọ́. A ó bá a lọ, ẹnu wa ò sì ní gbọ́ ọ.