Sachem: oyè tí òyìnbó yá

Kí a tó yan olórí ẹgbẹ́ lọ́jọ́ Sátidé, ẹ gbọ́ ìtàn oyè kan.

Àwọn tó ni ilẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà kí òyìnbó tó dé, sachem ni wọ́n ń pe olórí wọn. Massasoit, sachem àwọn Wampanoag, ló bá àwọn òyìnbó Plymouth ṣe àdéhùn àlàáfíà ní 1621. Sachem kì í dá ṣe é o. Ó gbọ́dọ̀ gbọ́ tẹnu àwọn àgbà. Bó bá ni ará ìlú lára, wọ́n lè kó ẹrù wọn lọ bá sachem míì.

Òyìnbó yá ọ̀rọ̀ yìí. Ẹgbẹ́ olóṣèlú Tammany ní New York fi ń pe àwọn aṣáájú tiwọn. William Tweed jẹ sachem àgbà níbẹ̀, ó kó owó ìlú jẹ, ọgbà ẹ̀wọ̀n ló kú sí ní 1878. Wọ́n yá orúkọ oyè, wọn ò yá ìwà rẹ̀.

Àwa náà yá Sẹ̀ríkí lọ́wọ́ àwọn Hausa. Ẹni tá a bá máa fi jẹ ẹ́ lọ́jọ́ Sátidé, ẹ jẹ́ ká bá a ṣe àdéhùn: lóṣooṣù, ìṣirò owó ẹgbẹ́ á máa wá síwájú gbogbo wa. Ire o.