Ọ̀nà Láti Mọ Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì Sí I àti Láti Kọ Ọ́ Yékéyéké

Ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ ni ti èdè Gẹ̀ẹ́sì: bí ènìyàn ṣe lè mọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí i, àti bí ó ṣe lè kọ ọ́ kí ó yé ẹni tí yóò kà á.

Ẹ mú àgbẹ̀ kan gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ. Ó fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ₦20,000 kí ó fi ra oògùn kòkó, wọ́n sì ṣe àdéhùn pé yóò dá owó náà padà lẹ́yìn ìkórè. Ìkórè dé, ó kọjá, owó kò padà. Àgbẹ̀ yìí pe ọmọ rẹ̀ tí ó wà ní ìwé kẹfà pé kí ó bá òun kọ ọ̀rọ̀ náà ní Gẹ̀ẹ́sì, kí òun lè mú un lọ sí kóòtù. Ọmọ náà rò ó ní Yorùbá pé, "Bàbá mi yá a ní ₦20,000," ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé, "My father borrowed him ₦20,000." Bí akọ̀wé kan bá fẹ́ bá ọmọ yìí tún Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ṣe, tí ó sì fi "from" kún un kí ó lè dọ́gba, ìtumọ̀ rẹ̀ yóò di pé bàbá ni ó lọ yá owó lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Báyìí ni olówó ṣe máa ń di ajigbèsè lórí bébà, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni purọ́.

Kí ni ó fa èyí? Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Yorùbá ń lò, èyí ni "yá", níbi tí Gẹ̀ẹ́sì ti ní méjì. Ẹni tí ó fi owó sílẹ̀ ni ó ṣe "lend". Ẹni tí ó gba owó lọ ni ó ṣe "borrow". Ní Yorùbá, ìyókù gbólóhùn ni ó ń fi hàn ẹni tí owó ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ jáde: "Mo yá a lówó" yàtọ̀ pátápátá sí "Mo yá owó lọ́wọ́ rẹ̀." Ọmọ yìí kò gọ̀. Kò sí ẹni tí ó sọ fún un pé ọ̀nà méjì ni ó wà níbẹ̀ ni.

Ẹ kíyè sí i pé "lend" kì í ṣe ọ̀rọ̀ ńlá. Lẹ́tà mẹ́rin péré ni. Àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń gbé ẹjọ́ dìde, àwọn náà ni wọ́n sì ń gbé ẹjọ́ ṣubú. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ẹni tí ó bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni ẹni tí ó lè sọ gírámà tí ń mú ilé mì tìtì. Bí ìlú kan bá fẹ́ tọrọ nọ́ọ̀sì lọ́wọ́ ìjọba, wọn a wá akọ̀wé tí yóò kọ ọ́ pé, "We most humbly and obediently beg to solicit your benevolent magnanimity," yóò sì kún ojú ìwé kan àbọ̀ kí ó tó dórí ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì. Ọ̀gá tí lẹ́tà náà dé ọwọ́ rẹ̀ ní òmíràn púpọ̀ lórí tábìlì. Ẹni tí ó kọ̀wé pé, "Our health centre has no nurse. The last one left in January. Please send us another," ti sọ tirẹ̀ tán kí ọ̀gá náà tó mu omi. Ọ̀wọ̀ kò sì dín nínú rẹ̀, nítorí "please" wà níbẹ̀.

Ní 1953, ọ̀mọ̀wé ará Ìlú Ọba kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Michael West ṣe ìwé kan jáde, nínú èyí tí ó to nǹkan bí 2,000 ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó wúlò jù lọ fún akẹ́kọ̀ọ́. Àwọn tí wọ́n ti ṣírò rẹ̀ lẹ́yìn náà rí i pé, nínú 100 ọ̀rọ̀ tí ènìyàn bá kà nínú ìwé tí ó wọ́pọ̀, nǹkan bí 80 ni ó jẹ́ ti inú 2,000 yìí. Ẹni tí ó bá kọ́ ọ̀rọ̀ mẹ́fà lójóòjúmọ́, tí kò sì jẹ́ kí wọ́n bọ́ lọ́wọ́ òun, yóò ti ju 2,000 lọ kí ọdún kan tó yí po.

Kò tilẹ̀ sí ẹni tí yóò bẹ̀rẹ̀ láti orí òfo. Láti ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin ti dé Òṣogbo ní 1907, tí irin rẹ̀ sì gba Ìkìrun àti Òkukù kọjá lọ sí Ọ̀fà, ni ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń bá ẹrù sọ̀kalẹ̀ ní àgbègbè yìí. Ìyá àgbà tí kò dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwé rí ń sọ pé "tíṣà", "kóòtù", "fọ́ọ̀mù", "búrẹ́dì", "sọ́jà", "rélùwéè", "láísẹ́ǹsì". Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo wọn. Iṣẹ́ tí ó kù ni láti dá wọn padà sí aṣọ tí wọ́n wọ̀ wá: "teacher", "court", "form", "bread". Ilé ìkàwé tí ó bá yà alẹ́ kan sọ́tọ̀ fún eré yìí, tí olúkúlùkù sì mú ọ̀rọ̀ mẹ́wàá wá láti inú ọjà, yóò rí i pé ọrọ̀ tí ó wà nínú ilé pọ̀ ju bí wọ́n ti rò lọ.

Lẹ́yìn èyí, kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ ibi tí ọ̀nà méjèèjì ti pínyà. Yorùbá ń pe ọkùnrin, obìnrin àti ewúrẹ́ ní "ó". Gẹ̀ẹ́sì ń ya wọ́n sọ́tọ̀, ìdí nìyí tí ọmọ ilé ìwé fi ń kọ̀wé nípa ìyá rẹ̀ tí ó sì ń pè é ní "he". Yorùbá ń sọ pé "Mo lọ lánàá", ọ̀rọ̀ náà "lánàá" sì ti ṣe iṣẹ́ tán. Gẹ̀ẹ́sì kò gbà bẹ́ẹ̀, àfi kí "go" fúnra rẹ̀ yí padà sí "went". Yorùbá ń gbọ́ ohùn, ó ń gbọ́ òórùn, ó sì ń gbọ́ èdè Haúsá. Ẹni tí ó bá wá kọ ọ́ pé "I hear the smell" ti fi etí gbóòórùn lójú ọmọ Gẹ̀ẹ́sì. Etí Yorùbá kì í sì í tètè mọ ìyàtọ̀ láàrin "live" àti "leave", bẹ́ẹ̀ ni èkínní jẹ́ gbígbé, tí èkejì sì jẹ́ fífi ibẹ̀ sílẹ̀. Kí ayálégbé ṣọ́ra gidigidi bí ó bá ń kọ̀wé sí onílé nípa èyí tí ó fẹ́ ṣe nínú méjèèjì.

Kì í ṣe Yorùbá nìkan ni ó ṣe aláìní ọ̀rọ̀. Ọkùnrin Yorùbá wọ ẹ̀wù, ó dé fìlà. Aya rẹ̀ ró ìró, ó wé gèlè. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin ni èyí, bẹ́ẹ̀ ni "wear" nìkan ni ọmọ Gẹ̀ẹ́sì fi ń ṣe gbogbo rẹ̀. Ẹni tí ó mọ èyí kò ní máa fi ojú ẹrú wo èdè àjèjì, kò sì ní máa fi ojú àbùkù wo tirẹ̀.

Àwọn òbí kan wà tí wọ́n ń lu ọmọ nítorí pé ó sọ Yorùbá nínú ilé, wọ́n rò pé èyí ni yóò mú Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ já gaara. Ohun tí a rí ní Ilé-Ifẹ̀ kò gbè wọ́n lẹ́yìn. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ohun gbogbo ní ilé ìwé St. Stephen's "A" ní Modákẹ́kẹ́, láti kíláàsì kìíní títí dé ìkẹfà. Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n yà sọ́tọ̀ bí iṣẹ́ tí ó dá dúró, wọ́n sì fún un ní olùkọ́ tirẹ̀ tí ó gbọ́ ọ dáradára. Nígbà tí a dán wọn wò, àwọn ọmọ wọ̀nyí kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì rárá sí àwọn tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́. Wọ́n tilẹ̀ ta wọ́n yọ nínú ọ̀pọ̀ iṣẹ́.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì ń ṣe iyèméjì bóyá àgbàlagbà lè kọ́ èdè tí kì í ṣe ti ìyá rẹ̀, kí ó bi àwọn àgbà Òkukù. Ní àwọn ọdún 1970, obìnrin Gẹ̀ẹ́sì kan, Karin Barber, wá gbé ní Òkukù fún ọdún mẹ́ta. Ó ń jókòó ti àwọn obìnrin tí ń ki oríkì. Ó gba ohùn wọn sínú ẹ̀rọ, ó kọ ọ́ sínú ìwé, ó sì ń béèrè ìtumọ̀ ohun tí kò yé e lọ́wọ́ àwọn onílé. Nígbà tí ó yá, Yorùbá ni ó fi ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀, ó sì bá ẹgbẹ́ òṣèré Oyin Adéjọbí ṣeré lórí ìtàgé. Ìwé tí ó kọ lórí oríkì Òkukù jáde ní 1991. Ohun tí ó ṣe kò ṣòro láti sọ: ó gbọ́, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó béèrè, ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ láìbẹ̀rù ẹ̀rín. Ọ̀nà kan náà ni ọmọ Òkukù yóò gbà kọ́ Gẹ̀ẹ́sì.

Nítorí náà, kí olúkúlùkù ní ìwé ìkọ̀wé kékeré kan tí ó lè wọ inú àpò. Bí ó bá pàdé ọ̀rọ̀ tuntun, kí ó kọ ọ́ pẹ̀lú odindi gbólóhùn tí ó ti rí i, nítorí pé ọ̀rọ̀ tí ó dá nìkan dúró dà bí àlejò tí kò ní ojúlùmọ̀ nínú ìlú: kì í pẹ́ lọ. Kí ó kọ ìtumọ̀ rẹ̀ ní Yorùbá, kí ó sì fi ọ̀rọ̀ náà ṣe gbólóhùn kan nípa ilé tàbí oko tirẹ̀. Kí ó tún wò ó ní ọjọ́ kejì, kí ó wò ó lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, kí ó wò ó lẹ́yìn oṣù kan. Ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì àti Yorùbá ti wà láti 1913 tí àwọn C.M.S. ti tẹ̀ ẹ́ jáde ní Èkó, ó sì yẹ kí ilé ìkàwé kọ̀ọ̀kan ní irú rẹ̀. Fóònù alágbèéká náà lè túmọ̀ ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ó tún máa ń bá ènìyàn parí ọ̀rọ̀ tí kò tíì kọ tán, ẹni tí ó bá sì fi sílẹ̀ fún fóònù kò ní mọ sípẹ́lì láéláé.

Ní ti ìwé kíkà, kí akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe fi ìwé tí ó le koko bẹ̀rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ tí kò yé e bá ju márùn-ún lọ ní ojú ìwé kan, kí ó wá èyí tí ó rọ̀ jù ú lọ. Àwọn ọmọ tí wọ́n ń múra ìdánwò WAEC tàbí NECO ni èyí kàn jù, nítorí pé láìní kírẹ́díìtì nínú Gẹ̀ẹ́sì, yunifásítì kò rọrùn láti wọ̀, títí kan ẹ̀ka Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tí ó wà ní Òkukù gan-an. Àwọn mìíràn yóò sọ pé Amos Tutùọlá kò kàwé púpọ̀, ó sì fi Gẹ̀ẹ́sì tirẹ̀ kọ ìtàn tí wọ́n tẹ̀ ní London ní 1952. Òtítọ́ ni. Ìtàn iwin ni Tutùọlá kọ, kò kọ fọ́ọ̀mù ìwé ilẹ̀.

Ẹni tí ó yẹ kí ará Ìkìrun wò bí ó bá fẹ́ mọ agbára ìwé kíkọ ni Àlùfáà Samuel Johnson. Ọdún 1878 ni ogun Jálumi jà ní Ìkìrun, tí àwọn ará Ìbàdàn lábẹ́ Balógun Àjàyí Ògbóríẹ̀fọ̀n fọ́n àwọn ọ̀tá ká, tí àwọn tí ń sá sì kó sínú odò Ọ̀tìn. Lónìí, ọmọ ilé ìwé ní Amẹ́ríkà lè ka ìròyìn ogun náà, nítorí pé Johnson kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn Yorùbá tí ó fi Gẹ̀ẹ́sì kọ. Ó béèrè ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn àgbà kí wọ́n tó kú tán, ó sì parí iṣẹ́ náà ní 1897. Ìwé náà sọnù sọ́dọ̀ àwọn tí ó fi í ránṣẹ́ sí ní Ìlú Ọba. Johnson kú ní 1901, ṣùgbọ́n àwọn ìwé tí ó kọ́kọ́ fi ọwọ́ kọ ṣì wà nílé. Nínú wọn ni àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ti tún gbogbo rẹ̀ kọ, ó sì jáde ní 1921. Bí Johnson bá jẹ́ ẹni tí ń kọ ohun kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tí ó sì ń ju ìyókù nù ni, ibi tí ìtàn yẹn ìbá parí sí nìyẹn.

Kí ẹni tí ó bá ń kọ lẹ́tà ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́. Kí ó kọ́kọ́ kọ ọ́ sórí bébà lásán. Kí ó kà á sókè, kí ó gé gbólóhùn tí ó bá gùn ju èémí rẹ̀ lọ, kí ó yẹ "he" àti "she" wò, kí ó bi ara rẹ̀ bóyá ohun tí ó sọ ti kọjá tàbí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ó tún un kọ, kí ó sì fi èyí àkọ́kọ́ pamọ́.

Bí ó bá jẹ́ pé ẹlòmíràn tí kò mọ̀wé ni ó ń bá kọ ọ́, òfin wà fún un láti ayé ìjọba àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Akọ̀wé náà gbọ́dọ̀ ka ohun tí ó kọ fún ẹni tí ó ni ín, kí ó sì túmọ̀ rẹ̀ fún un kí ó tó fi ìka tẹ̀ ẹ́. Ó sì gbọ́dọ̀ kọ orúkọ ara rẹ̀ àti ibi tí ó ń gbé sí i. Bí akọ̀wé kan bá ń kánjú, tí ó ní kò sí àyè láti kà á, kí ẹ̀yin baba àti ẹ̀yin ìyá má ṣe tẹ ìka sí i. Kí ẹ mú ìwé náà wá sí ilé ìkàwé, kí àwọn ọmọ tí wọ́n ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí kà á fún yín ní Yorùbá, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, títí dé ìsàlẹ̀ bébà.