Fìlà Òwú fún Orí Ọmọ Tuntun

  Ẹ̀yin ìyálọ́jà tí ẹ ti tẹ́ igbá, tí ẹ gbé rédíò ti ẹ̀gbẹ́ ata, ẹ kú ọjà, ẹ ó jèrè o. Ẹ̀yin tí ẹ ń fún ọmọ lọ́mú lọ́wọ́ báyìí, ẹ má dìde, ọ̀rọ̀ tòní kò ní kí ẹnikẹ́ni dìde.

Ìbéèrè tí ẹ máa ń bi mí lórí àga gbọọrọ ilé ìgbẹ̀bí ni mo fẹ́ dáhùn. Ẹ ní, "Mama nọ́ọ̀sì, kí lẹ ń hun lójoojúmọ́ yẹn ná? Ṣé ẹ fẹ́ máa tà á ni?" Rárá o, n kò tà á. Tirikó ni, ohun tí mo fi ń mú inú ara mi dùn tí iṣẹ́ bá dẹ̀ díẹ̀. Láti ìgbà tí òjò ti dá, mo ti hun fìlà ọmọ tuntun mọ́kànlá àti ìbọ̀sẹ̀ ọmọdé ẹsẹ̀ mẹ́jọ. Aṣọ ìbora kan wà tí mo bẹ̀rẹ̀, kò tíì dé ìdajì. Àwọn fìlà yẹn kò sí lọ́wọ́ mi mọ́. Orí àwọn ọmọ tí wọ́n bí nígbà tí oṣù wọn kò tíì pé ni wọ́n wà.

Ẹ jẹ́ n sọ ìdí tó fi jẹ́ fìlà. Inú ìyá gbóná, ó sì tutù fún omi. Ọmọ ń ti ibẹ̀ bọ̀ sí ayé pẹ̀lú omi lára, afẹ́fẹ́ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba ooru ara rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, bí aṣọ tútù ṣe máa ń mú wa gbọ̀n nígbà tí òjò bá pa wá. Orí ọmọ tuntun tóbi. Tí ẹ bá wọn ọmọ náà láti àtàrí dé àtẹ́lẹsẹ̀, orí nìkan kó ìdámẹ́rin gígùn rẹ̀. Tiwa àgbàlagbà kò ju bí ìdámẹ́jọ lọ. Nítorí náà, ooru púpọ̀ lè gba orí jáde. Ọmọ tó kéré, tí kò tó kílò méjì ààbọ̀, kò lọ́ràá lábẹ́ awọ tí ì bá fi mú ara rẹ̀ gbóná, kò sì lè gbọ̀n bí àwa ṣe ń gbọ̀n.

Ara ọmọ tuntun yẹ kó wà láàárín 36.5 sí 37.5 lórí ẹ̀rọ tí a fi ń wo ìgbóná ara. Tó bá ti rẹlẹ̀ ju 36.5 lọ, òtútù ti ń mú un nìyẹn. Ọmọ tí òtútù mú kì í sábà ké. Ìyẹn ló ń tan ọ̀pọ̀ ìyá jẹ. Ẹ ó rò pé ó ń sùn dáadáa, pé ọmọ jẹ́jẹ́ ni, nígbà tó jẹ́ pé agbára rẹ̀ ló ń lọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ á tutù, á máa fa ọmú pẹ̀lú ọ̀lẹ, tó bá yá kò ní fà á mọ́. Ní ẹkùn Plateau wa yìí, ẹ mọ bí ìdájí ṣe ń rí tí ọyẹ́ bá dé. Àwa tí a ti ń ta ọjà fún ogún ọdún ń da aṣọ bora, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ti ẹni tó dé ayé lánàá.

Kí ẹ tó ronú fìlà rárá, ohun mẹ́ta ló ṣáájú. Ẹ nu ọmọ gbẹ. Ẹ gbé e sí àyà ìyá rẹ̀, awọ mọ́ awọ, kí ẹ fi aṣọ bo àwọn méjèèjì. Ẹ jẹ́ kí ìwẹ̀ dúró: Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kó tó wákàtí 24 kí á tó wẹ ọmọ. Ẹ̀yin ìyá ọkọ, mo mọ̀ pé èyí kò bá ìṣe wa mu, a fẹ́ràn kí ọmọ mọ́ kí àlejò tó wọlé. Ohun funfun tó wà lára ọmọ yẹn kì í ṣe ìdọ̀tí. Ẹ fi sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ awọ mọ́ awọ yìí, dókítà méjì ní ìlú Bogotá, ní orílẹ̀-èdè Kòlóńbíà, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1978, nígbà tí àpótí tí wọ́n fi ń mú ọmọ gbóná kò tó. Wọ́n fi orúkọ kangaroo pè é, ẹranko ilẹ̀ Ọsirélíà kan tó ń gbé ọmọ rẹ̀ sínú àpò ikùn. Ní 2021 ni àbájáde ìwádìí ńlá kan jáde láti Gánà, Íńdíà, Màláwì, Nàìjíríà àti Tànsáníà, lórí àwọn ọmọ tó ju 3,000 lọ tí kò tó kílò méjì. Nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tí wọ́n gbé sáyà kété tí wọ́n bí wọn, bíi 12 ló kú. Nínú ọgọ́rùn-ún tí wọ́n kọ́kọ́ dúró kí ara wọn balẹ̀ kí wọ́n tó gbé wọn sáyà, bíi 16 ló kú. Ẹ̀mí mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún, àyà ìyá ló mú wọn dúró. Ọmọ tó wà láyà bẹ́ẹ̀ kì í wọ nǹkan púpọ̀: ìlédìí, ìbọ̀sẹ̀, fìlà. Ó tán. Ibẹ̀ ni òwú mi ti wúlò. Ní 2006, àjọ Save the Children pe àwọn obìnrin Amẹ́ríkà tó mọ òwú hun, wọ́n sì hun ẹgbẹẹgbẹ̀rún fìlà ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ tuntun ní ilẹ̀ òkèèrè. Mo ní, ṣé a ó máa dúró de Amẹ́ríkà kí orí ọmọ Kétu tó móoru ni?

Iṣẹ́ òwú kì í ṣe àjèjì sí wa ṣá. Àwọn ìyá ìyá wa ló ń fi ìrànwú ran òwú, tí wọ́n ń hun kíjìpá lórí òfì tó dúró ti ògiri ilé. Orílẹ̀-èdè wa Bẹ̀nẹ̀ wà lára àwọn tó ń kórè òwú jù ní Áfíríkà, àgàgà láti òkè lọ́hùn-ún, ní Banikoara. Ohun tuntun tó wà níbẹ̀ ni abẹ́rẹ́. Abẹ́rẹ́ méjì gígùn ni ti tirikó. Ìkejì, tí wọ́n ń pè ní kúróṣé, abẹ́rẹ́ kan ni, ẹnu rẹ̀ tẹ̀ bí ìkọ́. Ẹni tí kò rí abẹ́rẹ́ rà, irin tẹ́ẹ́rẹ́ inú ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ológeere ṣe é lò, tí ẹ bá ti fi òkúta yọ́ ẹnu rẹ̀.

Ohun tí mo kọ́ lọ́dún yìí ni híhun yípo pẹ̀lú abẹ́rẹ́ márùn-ún. Ìyá àgbà kan ní àdúgbò mi ló kọ́ mi. Òun náà kọ́ ọ lọ́mọdé lọ́wọ́ àwọn sísítà ní Àjàṣẹ́. Abẹ́rẹ́ mẹ́rin á di òwú mú bí àpótí onígun mẹ́rin, ẹ ó máa fi ìkarùn-ún hun, ẹ ó máa yí i lọ láìdúró. Èrè rẹ̀ ni pé fìlà náà kò ní ojú rírán. Ojú rírán yẹn le, ó sì ń họ orí ọmọ. Ìyá àgbà ò jẹ́ kí n fọwọ́ kan gìgísẹ̀ ìbọ̀sẹ̀ títí mo fi hun fìlà mẹ́fà. Ó ní, "Orí ló ṣáájú ẹsẹ̀, ìyàwó wa."

Ẹni tó bá fẹ́ dán an wò, ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú fìlà. Ẹ kọ́kọ́ hun ìdì kékeré onígun mẹ́rin, ogún ojú òwú ní fífẹ̀, kí ẹ fi téèpù aránṣọ wọ̀n ọ́n. Tí ogún ojú bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá, ojú méjì ló wà nínú sẹ̀ǹtímítà kan. Orí ọmọ tó pé oṣù máa ń tó sẹ̀ǹtímítà 35 ní yíyípo. Òwú tirikó ń fà, nítorí náà ẹ hun ún ní 30: ojú 60 nìyẹn. Ẹ fi ojú méjì síwájú, méjì sẹ́yìn, hun etí fìlà náà, òun ló ń jẹ́ kó di orí mú láìfún un pa. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣírò owó gààrí láìmú bírò, ìṣirò yìí kò lè dà yín láàmú. Ẹ ó tú òwú náà, ẹ ó tún un hun, ẹ ó tún tú u. Bí gbogbo wa ṣe ń kọ́ ọ nìyẹn.

Wàyí o, ẹ fà mọ́ rédíò, nítorí òwú kan náà lè pa ọmọ lára.

Èkínní ni ooru. Mo ń rí ọmọ oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ìyá rẹ̀ lọ́jà, agogo méjìlá ọ̀sán, oṣù Ẹ̀rẹ́nà, fìlà lẹ́ẹ̀nì lórí, ìbọ̀sẹ̀ lẹ́sẹ̀, aṣọ ìbora lórí gbogbo rẹ̀. Ìyá ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ara rẹ̀! Fìlà ní wákàtí tirẹ̀ bí oògùn. Ìdájí ọyẹ́, alẹ́ tútù, ọmọ tó kéré, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀: ẹ fi dé e. Ọmọ tó ti pé, tára rẹ̀ yá, tó ń sùn nínú yàrá tó móoru: ẹ ṣí i kúrò. Ẹ má fi ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ ọmọ mọ̀ bóyá ooru ń mú un, ẹ fi ọwọ́ yín kan ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ tàbí àyà rẹ̀. Tó bá ń làágùn tàbí tó gbóná, ẹ bọ́ aṣọ, ẹ fún un lọ́mú. Tí ara ọmọ tuntun bá ṣì gbóná lẹ́yìn ìyẹn, ẹ gbé e wá sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Ẹ má sọ pé ooru aṣọ ni.

Èkejì, tí àwọn èèyàn kì í gbọ́. Fọ́nrán òwú tó tú nínú ìbọ̀sẹ̀ tàbí ìbọ̀wọ́ lè yí mọ́ ìka ọmọ, bí òrùka tó fún jù. Ìka náà á wú, á pupa, á di dúdú. Tó bá pẹ́, ìka lè lọ. Irun orí ìyá pàápàá ń ṣe é, ìgbà tí irun bá ń já lẹ́yìn ìbímọ. Ọmọ ò lè sọ̀rọ̀, igbe ni yóò máa ké. Nítorí náà, ọmọ tó ń ké ṣáá, tó ti mu ọmú, tí ìlédìí rẹ̀ gbẹ, ẹ bọ́ gbogbo aṣọ rẹ̀, ẹ wo ìka ọwọ́ àti ìka ẹsẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ọkùnrin sì wo nǹkan ọkùnrin rẹ̀. Tí ẹ bá rí okùn tó wọnú ẹran, tó ṣòro láti tú, ẹ má fi bíléèdì wá a. Ilé ìwòsàn kíákíá. Èmi kì í hun ìbọ̀wọ́ ọmọ rárá. Ìbọ̀sẹ̀ tí mo bá hun, mo máa ń yí inú rẹ̀ síta, mo ń fi orí òwú pamọ́ sínú ojú tó ti kọjá lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí n tó gé e. Ẹ̀yin náà, èyí tí ẹ rà lọ́jà, ẹ yí inú rẹ̀ síta kí ẹ tó wọ̀ ọ́ fún ọmọ. Bọ́tìnnì, ìlẹ̀kẹ̀, okùn tí a ń so mọ́ ọrùn, gbogbo ẹ̀ṣọ́ yẹn kò sí lórí fìlà mi, bó ti wù kí ẹ bẹ̀ mí tó.

Ẹ̀yin tó ń yáná pẹ̀lú ọmọ lẹ́sẹ̀ ní ìdájí, ẹ gbọ́ o: ọ̀pọ̀ òwú lẹ́ẹ̀nì inú ọjà wa kì í ṣe irun àgùntàn, kẹ́míkà ni wọ́n fi ṣe é. Iná tó bá kan án, yíyọ́ ló ń yọ́, á sì lẹ̀ mọ́ awọ. Ẹ jìnnà sí ààrò.

Ẹ bi mí bóyá ó ń ṣe ìyá ọmọ fúnra rẹ̀ láǹfààní. Ní 2013, wọ́n tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn ahuntirikó tó lé ní 3,500 láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè. Àwọn tó ń hun ún lemọ́lemọ́ sọ pé ọkàn àwọn balẹ̀, inú àwọn sì dùn jù. Ẹnu ara wọn ni wọ́n fi sọ ọ́, ẹnikẹ́ni ò fi ẹ̀rọ wọ̀n ọ́n, ṣùgbọ́n mo mọ bó ṣe ń rí lára mi lẹ́yìn òru tí ìbímọ mẹ́rin bá tẹ̀ lé ara wọn. Kì í ṣe oògùn ìbànújẹ́ lẹ́yìn ìbímọ o. Ìyá tó ń sunkún lójoojúmọ́ ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, tí kò fẹ́ rí ọmọ rẹ̀, ẹ má ra òwú fún un, ẹ mú un wá bá wa. Àti ẹ̀yin tí ọwọ́ ti ń dùn láti ibi lílọ ata àti fífún ẹ̀pà, ẹ máa sinmi lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ na ìka yín. Tí ìka bá ń kú tipiri lóru, ẹ fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀ ná.

Ẹnì kan tẹ̀ wá láago lọ́sẹ̀ tó kọjá láti Ìdígní pé omi wọ́n, báwo ni òun á ṣe máa fọ fìlà. Omi kò rọrùn lórí ilẹ̀ wa lóòótọ́. Abọ́ omi méjì tó fún fìlà kan: ọ̀kan pẹ̀lú ọṣẹ díẹ̀, ọ̀kan láti fi ṣàn án. Ẹ má fún un bí ẹni fún aṣọ, ẹ ká a sínú aṣọ gbígbẹ, ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ tẹ́ ẹ sí ibi tí ekuru ọyẹ́ ò ti ní dé. Ó gbọ́dọ̀ gbẹ pátápátá. Fìlà tútù burú ju àìdé fìlà lọ. Kí ẹ ní méjì, ọ̀kan lórí, ọ̀kan lórí okùn.